Lésà Tí Kò Gbé Jẹ́ẹ́

                                                  22, Lorong Kelapa,
                                                  Bayan Lepas,
                                                  Pulau Pinang.
                                                  Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹta, 2012.

Ẹ̀gbọ́n mi Geok Hong ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni lẹ́tà yìí bá yín? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé èyí àbíkẹ́yìn ti ń sọ èdè àwọn ará Kuching débi pé bó bá dé ọ̀dọ̀ wa, a óò máa wá ògbufọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ yín ńkọ́, ṣé ó ṣì ń pariwo bí ọkọ̀ apẹja? Kéèkì onípele tí ẹ fi ránṣẹ́ dé ire. Màmá ní òun kì í jẹ ohun dídùn, ó sì ti jẹ ẹ́ ku ègé kan kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ara rẹ̀ le koko. Èmi náà wà láàyè, ṣùgbọ́n ẹ má bi mí bóyá ara mi balẹ̀, torí láti àárọ̀ ni mo ti ń jókòó tí mo tún ń dìde, mo ti fọ ife kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti lọ wo fóònù tí kò dún.

Ẹ óò máa rò ó pé kí ló kó sí Suan lórí tó fi jókòó ti bébà nígbà tí fóònù wà nílé. Ilé wa kékeré ni, etí Màmá sì tóbi ju ilé lọ. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná báyìí, ó ń já gbòǹgbò ara ẹ̀wà híhù dànù, ó ń gbójú sókè wò mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo ń ṣe. Ó ní iṣẹ́ ọ́fíìsì wo ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi tí èèyàn fi ń jẹ ìdí bírò bí eku.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi ni, ọ̀rọ̀ Màmá sì ni. Méjèèjì ti lọ́ mọ́ra wọn, mi ò mọ ibi tí mo lè ti tú u. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí iṣẹ́. Nígbà ìgbéyàwó yín, ìyá ọkọ yín bi mí pé kí ni mo ń ṣe gan-an nílé iṣẹ́ yẹn, mo ní ìmọ́lẹ̀ ni, gbogbo yín sì rò pé gílóòbù ni mo ń ṣe. Lésà ni. Ègé kan báyìí tí kò tó hóró iyọ̀. Bí iná mànàmáná bá wọ inú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí á jáde láti ojú rẹ̀, a ó sì darí rẹ̀ sínú okùn gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun orí. Irú okùn bẹ́ẹ̀ ló gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá. Bí ẹ bá pè wá láti Kuching, ohùn yín á di ìmọ́lẹ̀, á máa bá ìsàlẹ̀ omi bọ̀. Àwọn lésà bíi tiwa ló máa ń fún un lókun lójú ọ̀nà kó má bàa kú kó tó dé. Nítorí náà, èyí tó bá ti wọ inú omi gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin fún ọdún gbọọrọ, torí kò sí ẹni tó máa wẹ̀ lọ sísàlẹ̀ òkun lọ bẹ̀ ẹ́.

Ìwà rẹ̀ ló wá burú. Ooru díẹ̀, á yí àwọ̀ padà. Òtútù díẹ̀, á tún yí i. Bí ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ bá lọ kọ lu nǹkan níwájú tó ṣẹ́rí padà wá bá a lọ́nà tí kò tọ́, orí rẹ̀ á dàrú, agbára rẹ̀ á máa fò sókè sódò. Ohun tí a fi ń tù ú ni pé a máa ń fín ilà wẹ́wẹ́ sára okùn gíláàsì náà, níbi tó jìnnà sí i díẹ̀, kí ilà yẹn lè máa dá ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ padà sí i, ti àwọ̀ kan ṣoṣo. Ó dà bí ìyá tó jókòó sẹ́yìnkùlé tó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó má bàa rìn jìnnà. Ọmọ á gbọ́, á dúró. Lẹ́yìn náà la ó dé e pa mọ́ inú àpótí wúrà kékeré kan tí atẹ́gùn ò lè wọ̀ mọ́, a ó gbé e sínú ààrò ìdánwò, a ó máa wò ó. Bó bá gbé jẹ́ẹ́, ìlà rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà á tẹ́ gbọọrọ bí okùn ìsáṣọ tí wọ́n fà le.

Láti ìgbà ọdún tuntun wa, ìlà yẹn ń fò bí edé nínú agbada. Wọ́n á wọ ààrò pẹ̀lú ìwà ọmọlúàbí, kò ní pẹ́ tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wèrè. Àwọn tí a dé ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló burú jù. Zuraini, ọmọbìnrin Màléè tó ń ṣọ́ ààrò ìdánwò, yẹ ẹ̀rọ tó ń mú wọn tutù wò, kò rí nǹkan kan. Ó yẹ gọ́ọ̀mù wò, ó yẹ ilà tí a fín wò, gbogbo rẹ̀ pé. A wá ṣí àpótí ọ̀kan nínú àwọn tó ya wèrè, a fi ẹ̀rọ awò wò ó, a sì rí àmì dúdú kan lójú rẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde gan-an, bí èédú ṣe máa ń dì sídìí ìkòkò. Ibo ni èédú ti wọ yàrá tí a ò jẹ́ kí irun orí ẹnikẹ́ni wọ̀? Kò yé ẹnì kankan. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ravindran, gbà pé bí òun bá pariwo tó, lésà á bẹ̀rù òun, ó sì pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ̀wé wá láti òkè pé bí ọ̀wọ́ tó kàn kò bá dúró, àwọn á kó gbogbo iṣẹ́ lésà lọ sí ilé iṣẹ́ wa kejì ní Thailand. Èmi náà á bá a lọ, tàbí kí n lọ wá nǹkan míì ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti lé lógójì ọdún. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń fún mi ní ẹ̀fọ́rí. Màmá ńkọ́? Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, kò sùn níbòmíràn rí. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wá kí yín, tó ní ọkọ̀ òfúrufú kò nídìí tí òun lè fọkàn tán. Ó ti búra pé òun ò ní fi erékùṣù yìí sílẹ̀ láàyè, òun ò sì ní fi í sílẹ̀ lókùú. Bí mo bá lọ, ta ni màá fi í tì? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Bí ẹ bá wá fún Ceng Beng láti bá wa ro ojú oórì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Tiyín ló máa ń gbọ́. Bóyá ó lè gbà láti tẹ̀ lé yín lọ sí Kuching.

Mo dìde lọ wo fóònù níbí. Kò sí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an ló kù yìí, ó sì wúwo lẹ́nu mi. Ṣé ẹ rántí ojúbọ Datuk tó wà lábẹ́ igi ketapang, níbi tí oko àgbọn Ìyá Àgbà wà kí ìjọba tó gba ilẹ̀ kọ́ ilé iṣẹ́? Ẹ̀yin ló fi iná sun aṣọ yín níbẹ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí ẹ ní èmi ni. Ẹ̀mí bàbá onílẹ̀ yẹn kò kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ yẹn wá. Ilé iṣẹ́ kọ́ odi yí i ká, wọ́n sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà àdúgbò láti máa wọlé wá bọ ọ́. Kí ọdún tuntun tó dé, wọ́n ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ò tó mọ́. Wọ́n gbé ojúbọ náà lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n fi í ti ara ògiri. Màmá bínú. Ó ní ṣé bí wọ́n ṣe ń gbé agolo ìdọ̀tí ni wọ́n ṣe ń gbé bàbá onílẹ̀. Nígbà tó wá gbọ́ lẹ́nu mi pé lésà ń fò, kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ó ní, “Ẹ ti dí i lọ́wọ́ oorun, ẹ wá ní kí nǹkan yín gbé jẹ́ẹ́.”

Tẹ́lẹ̀, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ nìkan ló máa ń lọ, pẹ̀lú tùràrí, ewé sírì àti kọfí dúdú. Láti ìgbà tí wàhálà lésà bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ. Àwọn obìnrin ẹnu iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi tùràrí rán an níṣẹ́, torí ẹ̀rù ń ba àwọn náà fún iṣẹ́ wọn. Bí lésà bá ti ń ya wèrè sí i ni wọ́n ń sun tùràrí sí i. Inú mi ń dùn sí i pàápàá. Mo ní, ẹ jẹ́ kí ó rí nǹkan ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wà nínú yàrá tí a ti ń dé àpótí pa. Ẹ mọ̀ pé a kì í yọ ìbòmú níbẹ̀. Ọ̀fìnkìn ń dà mí láàmú lọ́jọ́ náà, mo fà á sílẹ̀ díẹ̀ kí n nu imú. Ẹ̀gbọ́n mi, òórùn ìyá mi ni mo gbọ́. Mi ò sọ àsọdùn. Òórùn bùláòsì rẹ̀ nígbà tó bá dé láti ojúbọ, nínú yàrá tó mọ́ jù lọ ní gbogbo Bayan Lepas. Mo rò pé ọkàn mi ló ń tàn mí. Mo ní kí Zuraini wá fa imú. Ó fà á, ó yí ojú sí mi, ó ní, “Kak Suan, ta ló sun kemenyan síbí? Ṣé ẹ fẹ́ fi lésà yìí fún ọkọ ni tí ẹ fi ń fi tùràrí wẹ̀ ẹ́?”

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Asẹ́ tó wà lókè àjà wa ń sẹ́ eruku tí ojú kò lè rí, ṣùgbọ́n òórùn kì í ṣe eruku. Ó gba inú asẹ́ kọjá, a dé e mọ́ inú àpótí pẹ̀lú lésà, ìmọ́lẹ̀ sì ń yan án mọ́ ọn lójú títí ó fi di èédú. Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo jáde, mo yí ilé náà po dé ẹ̀yìn.

Màmá wà níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi abala ìwé ìròyìn fẹ́ èédú. Lókè orí rẹ̀ gan-an ni ihò ńlá tí ẹ̀rọ fi ń fa atẹ́gùn wọ ilé wà. Àwọn tó gbé ojúbọ wá kò wòkè. Èéfín náà ò fọ́n ká bí èéfín ṣe ń fọ́n. Tààrà ló ń lọ, bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà, ó ń wọ inú ihò yẹn lọ. Màmá rí mi, ojú rẹ̀ sì tàn.

“Ó dára bí o ṣe wá,” ló wí. “Wò ó fúnra ẹ. Wo bó ṣe ń lọ, kò ṣẹ́rí. Datuk ti gbà á. Ọ̀dọ̀ ẹ ló ń lọ yẹn.”

Òwe yẹn wá sí mi lọ́kàn, pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé, mo sì gé e dànù kíá, ojú tì mí pé mo rò ó rárá. Obìnrin tí orúnkún ń dùn, tó ń rin ọ̀nà yẹn wá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ nítorí mi! Mo ní, “Màmá, ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ jẹ́ ká lọ.” Ó ní kí n jẹ́ kí tùràrí jó tán ná. Mo dúró tì í, mò ń wo èéfín àdúrà ìyá mi bó ṣe ń wọlé lọ ba iṣẹ́ mi jẹ́. Títí di òní, bí mo bá rántí, ọwọ́ mi máa ń wá nǹkan láti dì mú.

Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ravindran. Ó fò dìde. Ó ní kí wọ́n gbé nǹkan yẹn sọ síta ọgbà lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wọlé wá sun nǹkan kan mọ́. Zuraini ní, “Ọ̀gá, Mùsùlùmí ni mí, mi ò sí nínú ọ̀rọ̀ Datuk o. Ṣùgbọ́n ẹ má rán mi pé kí n gbé e.” Ọ̀gá wo ọlọ́dẹ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọlọ́dẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè àjà bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án.

Mo ní kò sí ìdí fún sísọ síta. Kí a dá a padà sí abẹ́ igi rẹ̀, ó jìnnà sí ihò atẹ́gùn, èéfín ò lè dé ọ̀dọ̀ wa láti ibẹ̀.

“Abẹ́ igi wo?”

“Ketapang, Ọ̀gá.”

Ẹ̀gbọ́n mi, igi ketapang yẹn nìkan ló ní ibòòji ní gbogbo ibi ìgbọ́kọ̀sí, abẹ́ rẹ̀ sì ni wọ́n kọ orúkọ Ọ̀gbẹ́ni Ravindran sí fún mọ́tò rẹ̀. Ó ní, “Ṣé ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ mi yan bí ẹran satay nínú oòrùn yẹn ni?” Zuraini ní, “Ọ̀gá, lésà ló ń ṣàròyé ooru tẹ́lẹ̀, ó ti wá kan mọ́tò.” Ojú rẹ̀ le. Ó wá bi mí pé ta tiẹ̀ ni àgbàlagbà tó ń sun tùràrí lójoojúmọ́ yìí gan-an, kí wọ́n bá òun pè é wá. Mo ní ìyá mi ni.

Ó jókòó. Ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní ìyá tòun wà ní Sungai Petani, bí òun bá ní kó má tan káńfọ̀ ní ìdájí, ìgbálẹ̀ ló máa fi lé òun jáde, bí òun ṣe jẹ́ ọ̀gá tó yìí. Lẹ́yìn náà ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé ọlọ́dẹ lọ́wọ́, ó ní kó lọ bá òun gbé mọ́tò kúrò níbẹ̀. Mo bẹ gbogbo wọn pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Màmá pé èéfín rẹ̀ ni. Ohun tí èmi sọ fún un ni pé ilé iṣẹ́ ti ronú, wọ́n ti rí i pé bàbá onílẹ̀ fẹ́ padà sílé.

Ẹ ò rí Màmá lọ́jọ́ náà! Ó wọ bùláòsì tó fi ṣe ìsìnkú Bàbá. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan títí òun á fi bi Datuk léèrè. Ó ju igi méjì tó rí bí àbọ̀ òṣùpá sílẹ̀, ọ̀kan dojú bolẹ̀, ọ̀kan ṣíjú sókè: bẹ́ẹ̀ ni. Ó yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Ravindran, ó ní, “Ṣé o rí i? Mo ti wí látìgbà yẹn, ẹ ní arúgbó ń sọ̀rọ̀.” Ọ̀gá ní, “Ẹ má bínú, Àńtí.” Èmi dúró sẹ́yìn, mo gbé e mì. Bó bá ti lè jẹ́ kí ó máa yọ̀, kó gba ìyìn náà lọ.

A fọ ihò atẹ́gùn, a pààrọ̀ asẹ́ pátá, a dé ọ̀wọ́ lésà tuntun, wọ́n wọ ààrò. Láti ìgbà náà, mi ò gbádùn. Màmá ṣì ń lọ síbi ojúbọ ní ìrọ̀lẹ́, bó bá sì ti dé, màá dọ́gbọ́n sún mọ́ ọn, màá fa imú lára aṣọ rẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣì í gbé lọ sẹ́yìn ògiri. Aṣọ rẹ̀ ò rùn tùràrí mọ́. Kọfí ló ń rùn. Mo ní atẹ́gùn abẹ́ igi ló ń gbé èéfín lọ. Bí ó bá jẹ́ pé kì í ṣe èéfín ló ń ya lésà ní wèrè ńkọ́? Bí mo bá ti lé ọ̀gá kúrò níbi ibòòji lásán ńkọ́? Òní ni Zuraini máa ka ìdánwò náà. Ó ní bó bá ti rí i, òun á pè. Ọ̀sán ti pọ́n, kò pè. Màmá ti já gbòǹgbò ẹ̀wà tán, ó ń gbá ibi tó ti gbá. Ẹ jẹ́ kí n gbé bírò yìí sílẹ̀ ná, ó ti ń jẹ mí níka.

*

Ẹ̀gbọ́n mi, Zuraini ti pè. Ẹ má wo bí ìkọ̀wé yìí ṣe rí, mò ń sáré kọ ọ́ ni.

Nígbà tí mo gbé fóònù, kò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Mo ní, “Zuraini, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́.” Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kak Suan, wọ́n tẹ́ gbọọrọ. Gbogbo wọn. Ó ń sú mi láti wò wọ́n, bí ìlà inú ìwé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.” Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Ravindran wá wò ó fúnra rẹ̀ pẹ̀lú òógùn lójú, torí inú ọkọ̀ rẹ̀ gbóná bí ààrò, ó sì ní iṣẹ́ ò lọ sí Thailand mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní pa á mọ́ fún yín.

Màmá dúró tì mí pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní, “Màmá, lésà ti gbé jẹ́ẹ́.”

“Ta ló bi ọ́ ní ti lésà? Ṣé o ń lọ àbí o ò lọ mọ́?”

Mi ò sọ fún un rí pé mo lè lọ. Mo wò ó. Mo ní, “Mi ò lọ mọ́.”

“Ó dáa. Wá bá mi fa nǹkan kan jáde, ẹ̀yìn ń dùn mí.”

Abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ló mú mi lọ. Àpò ìrìn-àjò ìgbà ayé Bàbá ló wà níbẹ̀, ó ti dì í kún. Ìró rẹ̀ wà nínú rẹ̀, òògùn orúnkún, bàtà tí kò wọ̀ rí, àti fọ́tò Bàbá tó yẹ kó wà lára ògiri yàrá. Mi ò tilẹ̀ kíyè sí i pé ògiri ti ṣófo. Màmá tó ní òun ò ní fi erékùṣù yìí sílẹ̀ lókùú! Mo ní, “Ẹ máa bá mi lọ?” Ó ní, “Ta ni yóò máa se oúnjẹ fún ọ ní Thailand, lésà?”

Ó ku nǹkan kan nísàlẹ̀ àpò, ó fi ìwé ìròyìn wé e. Mo tú u. Àwo tùràrí ni. Ó tutù, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́, kò sí eérú kankan nínú rẹ̀, àwo tí mo rò pé ó wà lábẹ́ igi ketapang láti ọjọ́ yìí wá. Mo gbé e dání, mi ò lè wojú rẹ̀.

Ó ní, “Ọjọ́ tó o wá bá mi lẹ́yìn ilé yẹn ni mo ti ṣíwọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Suan. Èmi ni mo bí ẹ.”

Mo ní kó má bínú. Ó ní kí ni òun fẹ́ bínú sí, ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n gbé Datuk síbi ihò ni? Mo ní ó lè máa sun tùràrí rẹ̀ báyìí, abẹ́ igi jìnnà, kò sí ewu.

Ó gba àwo náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó. Ó ní, “Ṣé ó dá ẹ lójú?”

Ẹ mọ̀ mí, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè purọ́ lórí iṣẹ́ mi. Mo ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú.

Ó tún fi ìwé ìròyìn wé e, ó tì í sábẹ́ ibùsùn padà. Ó ní, “Jẹ́ kí Datuk ṣì máa mu kọfí ná.”

Ó ti lọ gbé fọ́tò Bàbá kọ́ báyìí, mò ń gbọ́ tó ń bá a wí pé kó gbé jẹ́ẹ́ lójú ìṣó. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ yín lókè, mo ti gbà á padà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn ṣaláìwá fún Ceng Beng. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ, ẹ sì kí ìyá ọkọ yín, ẹ sọ fún un pé gílóòbù ń lọ dáadáa. Bísíkíìtì tí ẹ̀wà wà nínú rẹ̀ tí mo dì mọ́ lẹ́tà yìí, ti gbogbo ilé ni. Màmá ló yàn án, ó ní òun kò tọ́ ọ wò.

Èmi àbúrò yín tí ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀,

Cheah Poh Suan.